Ṣé kí n bọ́ sí marathon báyìí? Ìdáhùn fún àbúrò wa kan tó ń sá 10,000 mítà

Ìbéèrè: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 22 ni mí, 10,000 mítà ni mò ń sá, 32:40 ni mo ṣe dáadáa jù. Kóòṣì mi ní kí n bọ́ sí marathon lọ́dún yìí torí pé ibẹ̀ lowó wà. Ó ti tó oṣù méje tí mi ò rí nǹkan oṣù mi, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí ara èèyàn bá ti le dáadáa. Mo sì fẹ́ bímọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá dúró pẹ́, ọjọ́ orí á lé mi bá, tí mo bá sì bímọ, iṣẹ́ parí nìyẹn. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè, ọ̀pọ̀ ni kì í béèrè rárá. Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta lo kó pọ̀ síbẹ̀, o wá ki èyí tó ṣe pàtàkì jù bọ àárín bí ẹni pé ó kàn ń kọjá lọ. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí tá ò bá kọ́kọ́ yanjú ẹ̀, ọ̀rọ̀ marathon ò tíì sí nílẹ̀.

Pé o ò rí nǹkan oṣù ẹ fún oṣù méje, kì í ṣe pé ara ẹ ti le. Irọ́ ni. Irọ́ ọjọ́ pípẹ́ ni, àwọn tó ń pa á náà gbà á gbọ́, ó ṣeé ṣe kí kóòṣì ẹ má ní èrò burúkú kankan lọ́kàn, bí wọ́n ṣe sọ fún un lòun náà ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ó sì ti ba eegun ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin jẹ́. Ohun tó sábà máa ń fà á lára àwa tá à ń sá ọ̀nà jínjìn ni pé oúnjẹ tó ń wọlé ò tó eré tó ń jáde. Ara ní ìṣirò tiẹ̀. Tí agbára bá ti ń dín kù, ó máa kọ́kọ́ gbọ́ ti ọkàn, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti iṣan tó o fi ń sáré, á wá pa àwọn nǹkan tó bá rò pé kò kánjú tì, ọmọ bíbí sì wà lára wọn. Ọpọlọ á dín àmì tó ń rán sí ilé ẹyin kù, ilé ẹyin ò ní pèsè estrogen tó mọ́, estrogen yìí kan náà ló sì ń ṣọ́ eegun kó má baà tín-ín-rín. Ṣé o ti ń rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ? Nǹkan oṣù tó dúró, eegun ló ń ké síta. Àjọ Òlíḿpíìkì àgbáyé gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 2014, RED-S ni wọ́n pè é, látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá ń délé délé láàárín àwọn kóòṣì, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Èyí tó wá ká mi lára jù ni ọjọ́ orí ẹ. Láàárín ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún yìí ni eegun èèyàn máa ń le dé ibi tó máa le dé, ohun tó o bá kó pa mọ́ báyìí lo máa ná títí dọjọ́ ogbó.

Èmi náà gba irọ́ yìí gbọ́ rí. Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà yẹn, mo ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo tirénì mi sí, kìlómítà tí mo sá, wákàtí tí mo sùn, mo sì fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ fún nǹkan oṣù. Ọdún kan àti oṣù méjì, ìlà yẹn ṣófo, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíì, inú mi sì ń dùn pé wàhálà ti kúrò lára mi. Kóòṣì tí mo ní nígbà yẹn rí i, ó ní mo ti wá di eléré ìje gidi. Nígbà tó yá, iwájú ìbàdí mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, níbi tí itan ti pàdé ikùn, mo ní iṣan ló fà, mo ń sá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣan, a ti parí tirénì àárọ̀, mo fẹ́ wọ ọkọ̀, ẹsẹ̀ òsì mi ò gbéra, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e wọnú ọkọ̀ bí ẹni ń gbé ẹrù. Ọrùn eegun itan ló ti sán. Oṣù mẹ́rin ni mi ò sáré, eré tí mo sì ti ń dúró dè láti ọdún méjì sẹ́yìn, orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti wò ó. Nígbà tí dókítà béèrè ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn, mo ní láti lọ gbé ìwé yẹn, mo ń ṣí i sẹ́yìn, mo ń ṣí i sẹ́yìn, ojú tì mí.

Torí náà, kó o tó sá eré kankan mìíràn, lọ rí dókítà, tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó mọ̀ nípa àwọn eléré ìdárayá. Sọ fún un pé oṣù méje ni, má dín in kù. Á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oyún ni, má bínú sí ìyẹn, gbogbo èèyàn ni wọ́n ń ṣe é fún, á wo ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, á wo ẹ̀jẹ̀ ẹ bóyá irin inú ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ (ní kí wọ́n wo ferritin, ìyẹn irin tí ara kó pa mọ́, kì í ṣe iye ẹ̀jẹ̀ nìkan), á wo vitamin D, kó o sì béèrè fún DXA, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wo bí eegun ṣe ki tó. Tẹ́nì kan bá kàn fún ẹ ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí pé kó o máa lò ó kí nǹkan oṣù lè padà, rọra. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá látara oògùn yẹn kì í ṣe nǹkan oṣù ẹ, ó kàn ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni, ebi ara ṣì wà níbẹ̀, o ò sì ní mọ ìgbà tí ara ẹ padà sípò. Oúnjẹ ló ń wò ó, oúnjẹ àti ìsinmi. Jẹun kó o tó jáde láàárọ̀, ì báà ṣe díẹ̀. Jẹun láàárín ààbọ̀ wákàtí tó o bá dé. Jẹun lálẹ́ pẹ̀lú. Kí o má sì rò pé àfi kéèyàn rù kó tó ṣẹlẹ̀, mo ti rí àwọn tí ara wọn kún dáadáa tí wọ́n ń pàdánù nǹkan oṣù torí pé wọ́n ń sá 20 kìlómítà láìtíì fi nǹkan kankan sẹ́nu.

Ó dáa, marathon wá ńkọ́?

Kóòṣì ẹ ò parọ́ nípa owó. Ẹni tó bá gba ipò kìíní lóbìnrin ní Boston, 150,000 dọ́là ni, Chicago àti New York, 100,000. Kò sí ibi tí 10,000 mítà ti máa fún ẹ nírú ẹ̀, àwọn eré ńlá tí wọ́n ṣì ń sá 10,000 gan-an ò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ ṣírò. 32:40 tó o sá yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá 16 ni fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Eré tó o fi gbogbo agbára ara ẹ sá nìyẹn, tó o wólẹ̀ ní ìparí. Mary Keitany sá marathon London ní 2017 ní 2:17:01, láìsí ọkùnrin kankan tó ń fà á, ìyẹn ń lọ sí 3:15 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tigst Assefa sá 2:11:53 ní Berlin ní 2023, bíi 3:07 ààbọ̀ nìyẹn. O rí i? Eré tó ń fọ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ní kìlómítà 10, àwọn tó ń gba owó yẹn ń sá a ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń sá a fún kìlómítà 42. Tó o bá wọ marathon lónìí, tí gbogbo ẹ̀ bá lọ déédéé, o máa wà ní nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Àkókò tó dáa ni o, mi ò fojú tín-ín-rín ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkókò tó ń mú owó tí kóòṣì ẹ ń sọ wálé. Eré ni kó o kọ́kọ́ wá. Tí 10,000 ẹ bá bọ́ sí 31 ìṣẹ́jú tàbí kó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, marathon fúnra ẹ̀ á rọrùn fún ẹ.

Wo àwọn tó ṣe é dáadáa. Paula Radcliffe ti ju 28 ọdún lọ kó tó sá marathon àkọ́kọ́ ẹ̀ ní London ní 2002, ọdún púpọ̀ ló ti fi sá cross-country, ìyẹn eré orí pápá, àti orí tíráàkì, ọdún kejì ló sá 2:15:25, ọdún 16 gbáko ni ẹnikẹ́ni ò fi sá jù ú lọ. Hellen Obiri ti gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé 5,000 mítà lẹ́ẹ̀mejì kó tó bọ́ síbẹ̀ ní 2022, ipò kẹfà ló ṣe ní New York, oṣù márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ ó gba Boston. Sifan Hassan ti gba góòlù Òlíḿpíìkì 5,000 àti 10,000, ó pé 30 ọdún kó tó sá London ní 2023, tó dúró na ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà tó ṣì tún borí, ọdún tó tẹ̀lé e ó gba góòlù marathon ní Paris. Assefa yẹn gan-an, 800 mítà ló sá ní Òlíḿpíìkì Rio ní 2016! Mi ò ní sọ pé kò sẹ́ni tó tètè bẹ̀rẹ̀ tó ṣàṣeyọrí, Brigid Kosgei bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 21, ó sì sá 2:14:04 ní Chicago ní 2019. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí ni àwọn mìíràn tó tètè bẹ̀rẹ̀ tí orúkọ wọn ò jáde rárá, torí marathon ò ṣeé sá dáadáa ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, kìlómítà 160 sí 200 lọ́sẹ̀ ni ìgbaradì ẹ̀ fún àwọn tó wà lókè, ọmọ tí eegun ẹ̀ ò tíì le á kàn fọ́ sọ́nà ni. Èmi á ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sí i fún ẹ, 5,000, 10,000, cross-country, lẹ́yìn náà eré ojú títì kìlómítà 10 àti ìlàjì marathon, tí owó díẹ̀díẹ̀ náà á máa wọlé níbẹ̀. Ẹ lè jókòó sọ ọ́ papọ̀, kóòṣì tó bá fẹ́ràn ẹ á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ pé ọjọ́ orí á lé ẹ bá, mo fẹ́ kó o mú ẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn pátápátá. Edna Kiplagat ṣe ipò kẹta ní Boston ní 2024, ọmọ ọdún 44 ni. Derartu Tulu, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba góòlù Òlíḿpíìkì, 1992 ló gba ti 10,000 mítà àkọ́kọ́ ní Barcelona, ó bímọ, ó tún padà wá gba á ní Sydney ní 2000, ó tún wá borí ní New York ní 2009 nígbà tó pé 37. Ọdún 17 ló wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìyẹn! Ọ̀nà jínjìn ò dà bí eré 100 mítà, ó máa ń dúró de èèyàn. Kódà eré ọ̀hún fúnra ẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun fún àwa obìnrin, 1984 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí obìnrin sá marathon ní Òlíḿpíìkì, Joan Benoit ló gba á, 10,000 dé ní 1988, 5,000 ní 1996, wọ́n ní ara obìnrin ò lè gbé e. Àwọn tó sọ pé kò lè ṣeé ṣe nígbà yẹn, bí ohùn àwọn tó ń sọ fún ẹ pé nǹkan oṣù ò wúlò ṣe rí nìyẹn létí mi, àwọn méjèèjì ò bi ara obìnrin léèrè.

Ọmọ bíbí ńkọ́? Peres Jepchirchir bí ọmọbìnrin ẹ̀ ní 2017, ó padà wá gba góòlù marathon Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021, ọdún yẹn kan náà ó gba New York, lọ́dún tó tẹ̀lé e ó gba Boston. Kosgei tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìyá ìbejì ni nígbà tó sá eré yẹn. Radcliffe bímọ ní January 2007, ó borí ní New York ní November, gbogbo èèyàn ló ń sọ ìtàn yẹn, ohun tí wọn kì í sọ ni pé ó tètè padà sẹ́nu tirénì jù, eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ sì sán láàárín ìgbà yẹn, ó ní láti dúró. Nítorí náà ṣe é, ṣùgbọ́n fún ara ẹ láyè, eegun tó gbé oyún, tó ń fọ́mọ lọ́mú, nílò àkókò. Èyí tó sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró kì í ṣe ọmọ náà, ìwé tó o fọwọ́ sí ni. Kara Goucher, ará Amẹ́ríkà tó gba fàdákà àgbáyé ní 10,000 mítà, sọ ọ́ síta ní 2019 pé ilé iṣẹ́ bàtà Nike dá owó òun dúró nígbà tóun lóyún, pé àfi tóun bá padà sí eré ìje ni wọ́n tó máa san án, ọmọ ẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta tó fi ń múra eré sílẹ̀. Ariwo tí òun àtàwọn obìnrin mìíràn pa lọ́dún yẹn ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ bàtà náà yí òfin ẹ̀ padà, oṣù 18 ni wọn ò gbọ́dọ̀ fi gé owó obìnrin torí oyún. Torí náà, ọjọ́ tí kọ́ńtíráàtì bá dé iwájú ẹ, wá ibi tí wọ́n ti sọ nípa oyún. Tí ò bá sí níbẹ̀, ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Kó o tún wo ibi tí wọ́n ti kọ pé wọ́n lè dín owó kù tó o bá ṣèṣe tàbí tó o ò bá sá iye eré báyìí lọ́dún, ó máa ń wà lẹ́yìn, ní lẹ́tà kékeré.

Owó náà gan-an, jẹ́ kí n fi hàn ẹ́ bó ṣe ń dín kù, torí iye tí wọ́n ń kígbe lórí tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló ń wọ báńkì. Ká ní o gba Chicago, 100,000 dọ́là. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń yọ 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ eléré ìje tó jẹ́ àlejò, ó ku 70,000. Ẹ́jẹ́ǹtì, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀, tó bá jẹ́ pé lórí gbogbo owó ló ti ń ka tiẹ̀, 15,000 tún ti lọ, ó ku 55,000. Kóòṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú iṣan ẹ wà níbẹ̀, ilé tó o ti ń ṣe tirénì wà níbẹ̀. Owó ọ̀hún ò sì ní jáde títí èsì àyẹ̀wò oògùn á fi dé, ó lè gba oṣù mélòó kan. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ẹ́, mo sọ ọ́ kó o lè mọ ìdí tí mo fi ní kí àkáǹtì wà ní orúkọ ẹ, orúkọ ẹ nìkan, ilẹ̀ àti ilé bákan náà. Agnes Tirop sá kìlómítà 10 ní 30:01 ní Jámánì ní September 2021, nígbà yẹn, kò tíì sí obìnrin tó sá a tó bẹ́ẹ̀ nínú eré obìnrin nìkan, oṣù tó tẹ̀lé e wọ́n pa á nínú ilé ẹ̀, ọmọ ọdún 25, ọkọ ẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Rebecca Cheptegei sá marathon Òlíḿpíìkì ní Paris ní August 2024, kó tó pé oṣù kan ẹni tí wọ́n jọ ń gbé tẹ́lẹ̀ da bẹntiróòlù sí i lára, ó ṣáná sí i, ó sì kú. Mo kọ orúkọ wọn síbí torí pé ọmọ tó ń wọ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á máa bá ẹ tọ́jú ìwé owó, ì báà ṣe kóòṣì, ì báà ṣe àfẹ́sọ́nà, sọ fún un pé o ṣeun, o ti ń tọ́jú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn, ní kúkúrú. Tó o bá dé ipò tí wọ́n ń yẹ èèyàn wò nígbàkigbà, o máa kọ ibi tó o máa wà fún wákàtí kan lójoojúmọ́, tí wọ́n bá wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù 12 tí wọn ò bá ẹ, ìjìyà ẹ̀ lè tó ọdún méjì. Má sì fi oògùn ẹlòmíràn sẹ́nu láé. Ruth Chepngetich tó sá 2:09:56 ní Chicago ní 2024, eré tí obìnrin kankan ò sá rí, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi lé e kúrò lẹ́nu eré ní 2025 lórí oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, àlàyé tó ṣe ni pé oògùn ọmọ ọ̀dọ̀ òun lòun lò.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe lọ́sẹ̀ yìí ò pọ̀. Pe ilé ìwòsàn, gba ọjọ́. Kó o tó lọ, kọ ohun tó o jẹ àti ohun tó o sá fún ọjọ́ méje sínú ìwé, má tún un ṣe kó lè dùn ún wò, mú un dání. Sọ fún kóòṣì pé o máa sinmi eré líle títí èsì á fi jáde, tó bá bínú, ní kó bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ní bá a jà. Tí iwájú ìbàdí, egungun ojúgun tàbí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá sì ń dùn ẹ́ níbì kan ṣoṣo tó o lè fi ìka kan tọ́ka sí, má dúró de ọjọ́ ilé ìwòsàn, lọ lónìí. Kọ èsì DXA àti ferritin yẹn ránṣẹ́ sí mi tó bá jáde, a jọ máa wò ó.